Ẹ̀rọ Tí Mo Pọ̀n Bí Ọmọ

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ má dúró lé mi lórí bí ẹni tó ń kánjú. Ẹ̀yin lẹ bi mí lọ́rọ̀, ẹ ó sì gbọ́ ọ níwọ̀n bí ẹnu mi bá ṣe lè sọ ọ́ mọ, torí ó ti rẹ̀ mí. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ máa ń wúwo lọ́wọ́ ẹni tó bá ti pẹ́ tó ń gbé e.

Káríìmù ọmọ ọmọ mi ló fà á. Ẹ mọ̀ pé ó ń fi kọ̀ǹpútà gba orin sílẹ̀ nínú yàrá ẹ̀yìn. Lánàá ló pè mí pé, "Ìyá àgbà, ẹ wá wo nǹkan." Mo wò ó. Àwòrán irin kan ló wà lójú kọ̀ǹpútà náà, irin gbọọrọ aláwọ̀ eérú, kókó dúdú ńláńlá tò síwájú rẹ̀, iná pupa kékeré kan sì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tún ohùn akọrin ṣe láyé àtijọ́ nìyẹn, pé ojúlówó rẹ̀ ti wọ́n bí ojú, àwòrán rẹ̀ lásán ni òun ń lò. Mo ní, "Káríìmù, mo ti pọn èyí rí." Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé ogbó ti dé. Ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ̀rọ ni o, kì í ṣe ọmọ." Mo ní mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Ẹ̀yìn mi yìí ni mo fi pọ̀n ọ́n, mo fi ọ̀já gbà á, mo sì gba àárín Ọjà'ba kọjá lọ́sàn-án gangan.

Ìgbà tí mo ń wí yìí, kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira lọ́wọ́ òyìnbó. Èmi náà kò tíì pẹ́ nílé ọkọ. Ìbàdàn ìgbà náà kò dákẹ́ o, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ kì í ṣe irú tòní. Ládàánì ò ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ló ń fi jí àdúgbò. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó gbọ́ ìgbálẹ̀ lójúde, ẹ ó gbọ́ ọmọ kéú tó ń ka wàláà, ẹ ó gbọ́ agogo kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń gun òkè Mápó lọ síbi iṣẹ́, tí wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ ní ìdajì òkè, tí wọ́n á máa tì í. Ilé olówó ló ní àpótí asọ̀rọ̀mágbèsì lára ògiri. Ẹni tí kò ní in á jókòó sábẹ́ fèrèsé ẹni tó ní, kò sì sẹ́ni tó máa lé e. Lónìí kálukú ti ki nǹkan bọ etí. Ẹ jókòó sínú ilé kan náà, ẹ ò gbọ́ ohùn ara yín.

Àwa obìnrin ẹlẹ́gbẹ́ kan wà ní Bẹyẹrúnkà tí à ń kọ wáká. A ò pọ̀. Ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀ ló ń dá orin, àwa tó kù ń gbè é. Sẹ́lí ló wà lọ́wọ́ wa, àwo idẹ pẹlẹbẹ tí a ń gbá mọ́ ara wọn. Bí ọmọ bá parí Kùránì, wọ́n á pè wá. Bí wọ́n bá ń so yìgì, wọ́n á pè wá. Bí Àlájì bá sì ti Mẹ́kà dé, àwa la ó lọ pàdé rẹ̀, a ó máa kọrin níwájú rẹ̀ wọ àdúgbò, òun náà á máa ya ẹnu kí gbogbo ayé lè rí eyín góòlù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èèyàn tó lọ Mẹ́kà nígbà náà, ẹni tó ti ibi ewu bọ̀ ni. Wọ́n á fún wa ní dàbínù àti ìborùn, a ó sì pín in lábẹ́ igi. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ di pé kí ẹnì kan gbé ẹ̀rọ wá, kó máa pariwo, kí ẹlòmíràn má lè kí ẹnìkejì.

Ohùn Ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀, kí n wá fi wé kí ni? Ó mọ́, ó sì ga. Tó bá dá orin níwájú ilé, obìnrin tó ń yan gààrí lẹ́yìnkùlé á sọ ìgbákọ sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀, Bùràímọ̀, télọ̀ ni. Ọkùnrin jẹ́jẹ́, tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó tẹ́tí kẹ́ ẹ tó gbọ́. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ọlọ́hun gbé gbogbo ohùn inú ilé fún ìyàwó, ó gbàgbé ọkọ. Bùràímọ̀ á ní, "Ẹni tó bá fẹ́ akọrin, iṣẹ́ ti ẹ̀ ni kó máa gbọ́."

Lásísì ló wá mú ọ̀rọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù wá. Lásísì Rẹ́kọ́ọ̀dù la mọ̀ ọ́n sí, ó ń ta àwo orin nísàlẹ̀ òkè Mápó. Ó mọ rédíò tún ṣe, ó sì ti fi ọdún díẹ̀ bá àwọn tó ń gba orin sílẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Èkó. Nígbà tó dé, ó sọ yàrá òkè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di ibi ìgborin. Ó to tìmùtìmù olówùú mọ́ ògiri yípo, ó di gbogbo fèrèsé. Ìnira tó wà nínú yàrá yẹn, kí Ọlọ́hun má jẹ́ ká rí i. Kò sí fáànù, torí ẹ̀rọ á gbọ́ ohùn fáànù. Yóò ní ká bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́. Yóò ní ká má ró ìró tí a fi sítáàṣì sí, torí ó ń dún bí ewé gbígbẹ. A ó wá jókòó, a ó máa làágùn bí ẹni tó wà nídìí ìkòkò.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a lọ, ọjọ́ náà bàjẹ́. Ọdún Òkè'badan ti ku fẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ọmọ ìta kan ò sì lè mú un mọ́ra dọjọ́ ọdún. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yin Ànábì níbi tó dùn jù, làwọn yẹn bá kọjá lábẹ́ fèrèsé, wọ́n ń fi orin Òkè'badan bú ìdí onídìí, wọ́n ń bú nǹkan ọkùnrin, wọ́n ń bú ti obìnrin, ohùn wọn sì la tìmùtìmù Lásísì já. Nígbà tó fi í dún padà fún wa, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ara ló ń gbe orin Ànábì. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Lásísì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Inú yàrá yẹn ni ẹ̀rọ tí mo ń wí wà. Lásísì fi àwọn ìdè irin dè é mọ́ àgbékà irin gíga, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ mìíràn lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn fáàfù wà, gíláàsì kéékèèké tí iná wọn máa ń pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. A gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n gbóná kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, eruku ara wọn á sì máa rùn bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù fẹ́ jó. Mo bi Lásísì pé kí ni ti eléyìí. Ó ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe ògì, ṣé ẹ mọ asẹ́? Asẹ́ ohùn nìyí. Kókó tòsì yìí ló ń mú ohùn tó nípọn, tọ̀tún ló ń mú tínrín. Èyí tí mi ò bá fẹ́, mo lè sẹ́ ẹ kúrò. Èyí tí mo fẹ́, mo lè bù kún un." Látọjọ́ náà, Asẹ́ la pè é.

Ìgbà ọyẹ́ la padà lọ. Òtútù ti mú Ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀. Gbogbo agboolé ọkọ rẹ̀, agboolé Aláró, ló gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́ mọ́jú. Ohùn rẹ̀ ti há, ó ń kùn. Bùràímọ̀ fúnra rẹ̀ ló sìn ín lọ, ó gbé omi àtalẹ̀ gbígbóná dání. A rò pé Lásísì máa ní ká padà lọ sílé. Ó ní rárá, pé ká kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé òun á gba ti tútù yìí sórí téèpù, tóun bá wá fẹ́ ṣe àwo, òun á fi Asẹ́ sẹ́ ẹ. A kọ ọ́. Ó kó o lọ sí Èkó. Àwa náà gbàgbé.

Kí àwo náà tó dé ni Bùràímọ̀ kú. Àìsàn kékeré ni, inú rírun lásán, a ò kà á sí. Ó dé ọsibítù, kò padà wálé lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mi díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀ wọ opó. Àwa Mùsùlùmí ń pè é ní tákàbá. Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, obìnrin ò gbọdọ̀ jáde àfi tó bá di dandan. Kò gbọdọ̀ lé tìróò, kò gbọdọ̀ kun làálì, kò sì gbọdọ̀ sí orin lẹ́nu rẹ̀. Yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àgbàlá ló wà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló jáde, nígbà tí ibà gbé ọmọ rẹ̀ kékeré tó sì gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ọsibítù. Ẹ̀yin òde òní ń ṣe opó pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Mi ò bá yín wí. Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́ ni.

Lásísì ti Èkó dé. Kò gbọ́ pé Bùràímọ̀ kú. Inú rẹ̀ dùn pé àwo ti jáde, ló bá gbé gbohùngbohùn sójú fèrèsé, ó fi orin Ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀ sí i, ó sì jẹ́ kó máa lọ. Títí dé Bẹẹrẹ ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Kí n tó mọ̀, àwọn èèyàn ti ń sáré wá sí agboolé Aláró: "Ìyàwó yín ń kọrin ní Mápó! Ọkọ ẹ̀ ò tíì jẹrà!"

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn, wọ́n bá Ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀ níbi tó jókòó sí lórí ẹní. Kálukú wá rántí pé rẹ́kọ́ọ̀dù ni. Ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àbúrò ọkọ rẹ̀ obìnrin kan ti Mápó dé, ó ní, "Ẹ̀yin Bàbá, mo gbọ́ ohùn yẹn dáadáa. Ó mọ́ gaara bí omi inú àmù. Ṣé kì í ṣe gbogbo wa la wà ńbí lọ́jọ́ tó ń wúkọ́ lọ sí Mápó? Ohùn wo ló wà lọ́nà ọ̀fun ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn tó fi kọ eléyìí? Ó ti padà lọ tún un kọ ni. Ọjọ́ tó ní òun gbọ́mọ lọ sọ́sibítù, ẹ bi í wò!"

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń dì mọ́ra. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n gbogbo orígun rẹ̀ ló dúró lórí òtítọ́. Ó wúkọ́ lóòótọ́. Ohùn rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́ lóòótọ́. Ó jáde lóòótọ́.

Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Bùràímọ̀, ni olórí agboolé. Èèyàn burúkú kọ́. Òun ló tọ́ Bùràímọ̀ dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn, ikú àbúrò rẹ̀ yẹn sì ti tẹ̀ ẹ́ ba. Ó ní tó bá jẹ́ òótọ́ ni pé obìnrin yìí ba opó àbúrò òun jẹ́ lójú ọ̀nà ọjà, kó kó ẹrù rẹ̀, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Àwọn ọmọ kò ní bá a lọ. Ọmọ agboolé Aláró ni wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n máa wà. Ó ní tó bá di ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, òun á sọ ibi tí òun dúró sí.

Mo lọ sábẹ́ fèrèsé Ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀. Kò sunkún. Ó ní, "Bá mi pe Lásísì. Kó wá sọ bó ṣe rí. Èmi lè fara da ẹ̀gàn. Àwọn ọmọ mi ni mi ò lè fi sílẹ̀."

Lásísì wá. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó tọrọ àforíjì nítorí orin tó fi sójú fèrèsé, ó sì ṣàlàyé Asẹ́ fún wọn, pé ohùn tó há lòun gbà, pé ẹ̀rọ ló sọ ọ́ di mímọ́. Bàbá Àgbà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọmọ yìí, mo ti dàgbà. Mo ti rí ẹ̀rọ tó ń lọ àgbàdo, mo ti rí èyí tó ń rán aṣọ. Mi ò tíì rí ẹ̀rọ tó ń wo òtútù sàn." Gbogbo ilé ní bẹ́ẹ̀ ni. Lásísì ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n bá òun ká lọ sí Mápó, kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́. Bàbá Àgbà ní ẹsẹ̀ òun ò gun àkàsọ̀ mọ́, àti pé ọ̀rọ̀ ilé, inú ilé la ti ń gbọ́ ọ. Ó ní, "Gbé ẹ̀rọ náà wá."

Ẹ mọ̀ pé nǹkan tí wọ́n fi ìdè dè mọ́ irin, wọn ò ṣe é kó máa rìn kiri. Lásísì ní bí fáàfù kan bá fọ́, kò sí ibi tóun ti máa rí òmíràn ní gbogbo Ìbàdàn, iṣẹ́ òun ti parí nìyẹn. Mo ní, "Ó dáa, jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹn pàdánù ìyá wọn, kí gíláàsì rẹ má baà fọ́." Ó wò mí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó tú ìdè. Téèpù àti gbohùngbohùn wọ ọmọlanke. Asẹ́ nìkan ló kù. Orí ọmọlanke, á gbọ̀n ọ́n. Àwọn alábàárù, wọ́n á jù ú sílẹ̀ gbà. Mo ní kó gbé e fún mi. Ọmọ ni mo mọ̀ ọ́n pọ̀n, ọmọ tó bá ń sùn kì í sì í jí lẹ́yìn mi. Mo tẹ ìborùn sẹ́yìn, wọ́n gbé e lé mi, mo fi aṣọ pọ̀n ọ́n, mo gba ọ̀já lé e. Irin náà tutù, ó sì wúwo ju gbogbo ọmọ tí mo bí lẹ́yìn ìgbà náà lọ.

Ọ̀nà tó tẹ́jú jù ni mo gbà, mo sì bọ́ sínú Ọjà'ba. Ìyá arúgbó kan tó ń ta orógbó rí ẹ̀yìn mi, ó pariwo, "Ìyá ọmọ, dúró! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun ó wọ́!" Ó ti na ọwọ́ láti bá mi tún orí ọmọ ṣe. Ó bá kókó Asẹ́ nílẹ̀. Ó sún sẹ́yìn, ó ní, "Áà! Kí lo bí?" Mo ní, "Ẹ má bínú, Ìyá, ẹlẹ́rìí ni." Mi ò dúró ṣàlàyé. Títí mo fi kúrò lọ́jà, mo gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn tó kù.

A dé agboolé Aláró. Bùràímọ̀ fúnra rẹ̀ ló fa iná mànàmáná wọ ilé náà nígbà ayé rẹ̀, nítorí iṣẹ́ télọ̀. Lásísì so wáyà pọ̀ ní àgbàlá. Èrò ti kún. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹlòmíràn wá torí ẹjọ́, ẹlòmíràn wá wo ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀ wà nínú yàrá lẹ́yìn aṣọ fèrèsé. A dúró kí àwọn fáàfù gbóná. Nígbà tí wọ́n pọ́n tán, tí kò sí èyí tó fọ́, mo rí Lásísì tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ó ní, "Ẹ̀yin Bàbá, mo fi gbogbo kókó sí àárín. Ẹ̀rọ ò tíì ṣe nǹkan kan. Bó ṣe rí lọ́jọ́ yẹn lẹ máa gbọ́." Ó tan téèpù.

Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni ikọ́. Ikọ́ obìnrin, ikọ́ gbígbẹ, ikọ́ tí gbogbo agboolé náà mọ̀. Àwọn kan ti ń mi orí. Lẹ́yìn náà ni ohùn mìíràn jáde, ohùn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí a ní láti tẹ́tí kí a tó gbọ́:

"Mu ún díẹ̀ sí i, Sàlámọ̀. Má fipá mú un. Tí kò bá ṣe é ṣe, a ó padà wá lọ́jọ́ mìíràn."

Bùràímọ̀ ni. Lásísì pàápàá ò rántí pé ó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ ti ń gbà kí orin tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀.

Bàbá Àgbà dìde lórí àga. Ó rìn lọ síwájú gbohùngbohùn náà, ó tẹ̀ mọ́ ọn, ó ní, "Bùràímọ̀?" Bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ló ṣe pè é.

Orin bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, orin tó há, tó ń kùn. Lásísì fọwọ́ yí kókó, ó yí tòsì wálẹ̀, ó yí tọ̀tún sókè, ohùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í là díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di èyí tí wọ́n gbọ́ ní Mápó. Ọmọdé kan pàtẹ́wọ́. Àbúrò ọkọ tó mú ẹjọ́ wá ti bo ojú. Ẹjọ́ ti tán. Ẹni tó bá tún fẹ́ ṣiyèméjì, àfi kó ní òkú náà wà lára àwọn tó padà lọ tún un kọ.

Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ò gbọ́ orin. Ó ní, "Padà sẹ́yìn. Ibi tó ti sọ̀rọ̀." Lásísì dá téèpù padà. Ó gbàgbé láti dá kókó padà. Ikọ́ dún, ó mọ́ kedere. Lẹ́yìn ikọ́, kò sí nǹkan kan. Ibi tí Bùràímọ̀ ti sọ̀rọ̀ ṣófo, àfi bí ẹni tó mí díẹ̀. Bàbá Àgbà pariwo, "Ó dà? Níbo lo gbé e sí?" Lásísì ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, ohùn wọn nípọn, Asẹ́ ló mú un." Ó dá kókó padà sí àárín, Bùràímọ̀ sì tún sọ̀rọ̀. Bàbá Àgbà ní kó tún un fi sí i. Ó tún un fi sí i. Àgbàlagbà náà ń sunkún ní gbangba, kò nu ojú.

Ìgbà náà la gbọ́ Ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin Bàbá, ẹ ti gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ gbọ́. Ẹ dákun, ẹ pa á. Ẹ jẹ́ kí n ráyè ṣe opó mi."

Wọ́n pa á. Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Gbogbo ilé bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́, kò sí nǹkan kan. Àwọn ọmọ rẹ̀ dúró tì í, kò sì sẹ́ni tó tún sọ pé kó lọ. Mo pọn Asẹ́ padà sí Mápó. Bàbá Àgbà bẹ Lásísì pé kó bá òun tọ́jú téèpù náà, ó sì ṣèlérí. Ṣùgbọ́n lọ́dún kan, òjò ṣí òrùlé yàrá òkè yẹn, ó sì ba gbogbo téèpù rẹ̀ jẹ́. Lásísì padà sí rédíò títún ṣe. Bí ayé ìgbà náà ṣe parí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ, kò parí pẹ̀lú ariwo kankan.

Ọjọ́ tí Ẹ̀gbọ́n Sàlámọ̀ jáde opó, a ti wẹ̀, a ti wọṣọ. Àṣà ẹgbẹ́ wa ni pé kí a dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú sẹ́lí lọ́wọ́, kó fi orin jáde sí wa, kí a gbè é. Ó jáde. Aṣọ tuntun wà lára rẹ̀, ó ti lé tìróò. Ó wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. A gbé sẹ́lí sókè, a ń dúró.

Kò dá orin. Nígbà tó ṣe, ó fà mí mọ́ra, ó sọ ọ́ sí mi létí pé, "Àbúrò mi, o gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn. Kí ohùn tèmi tó mọ́, ohùn ọkọ mi ni wọ́n sẹ́ dànù. Mi ò lè ya ẹnu mọ́ kí n má wá a níbẹ̀."

Ẹlẹ́gbè ni wá, ẹlẹ́gbè kì í dá orin. A dúró díẹ̀ sí i lẹ́nu ọ̀nà náà, a bá a jẹun, a kí àwọn ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ká sẹ́lí wa sínú ìborùn kí wọ́n má baà dún, kálukú sì gba ilé rẹ̀ lọ.